Ọ̀gá Tejkaran Kọ Ẹ̀yìn sí Ààlà

Ẹni tí kò bá tíì rí ọ̀gá tí wọ́n ń bá rẹ́rìn-ín kó tó dá àpárá, tí wọ́n sì ń pàtẹ́wọ́ fún kó tó la ẹnu, kó fa àga sún mọ́ ibí, kó gbọ́ ti Tejkaran Bohra.

Tejkaran ni alága Àjọ Ìdàgbàsókè Abúlé Ibodè lágbègbè wa, níbi tí aṣálẹ̀ Thar ti pa ààlà láàárín Íńdíà àti Pakistan. Iṣẹ́ àjọ náà kò ju pé kí wọ́n fa omi dé àwọn abúlé tó wà nínú iyanrìn lọ. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kékeré kì í ní kí ẹni tó fẹ́ràn oyè má jẹ oyè ńlá. Ó kọ́kọ́ ní kí wọ́n kọ "Alága" sára ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó ní kí wọ́n fi "Olùfẹ́ Mẹ̀kúnnù" kún un. Nígbà tó yá, ó ní kí wọ́n tún kọ "Baba Omi" sábẹ́ rẹ̀. Oyè kún ilẹ̀kùn náà débi pé ara ògiri ni wọ́n wá kọ orúkọ rẹ̀ gan-an sí.

Èèyàn rọ̀bọ̀tọ̀ ni, ó sì ní irunmú kan tó ń mu òróró ju àtùpà lọ. Bí inú rẹ̀ bá dùn, á fi ìka méjì yí etí irunmú náà sókè. Bí inú bá bí i, á yí i sókè bákan náà. Ẹni kan ṣoṣo tó mọ ìyàtọ̀ ni Chagan, akọ̀wé rẹ̀, ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tó mọ "bẹ́ẹ̀ ni, Hukum" í sọ ju bó ṣe mọ ìwé kíkọ lọ. Hukum la máa ń pe ẹni ńlá lọ́dọ̀ wa, ṣùgbọ́n ti Chagan ti pọ̀ jù, kódà ó máa ń sọ ọ́ lójú oorun.

Láràárọ̀, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, Tejkaran á béèrè bí ọ̀rọ̀ tó sọ lánàá ṣe rí.

"Chagan, ọ̀rọ̀ mi àná ńkọ́?"

"Hukum, ìyàwó mi sunkún."

"Ṣé ó wà níbẹ̀ ni?"

"Kò sí níbẹ̀, Hukum. Mo kàn sọ díẹ̀ nínú ẹ̀ fún un nílé ni, omijé bá bọ́. Ọbẹ̀ wa jóná."

"Ó jóná?"

"Ó jóná di dúdú! Ta ló máa rántí ọbẹ̀ níbi tí wọ́n bá ti ń sọ ọ̀rọ̀ yín?"

Tejkaran á yí irunmú sókè, á ní kí wọ́n fún Chagan ní tíì. Ẹ má bínú sí Chagan o, ẹ̀yin òǹkàwé mi. Ọmọ mẹ́rin ló ń bọ́, ibi tí kálukú bá sì ti ń ṣiṣẹ́ ni yóò ti jẹun.

Ohun kan ṣoṣo ló ń jẹ Tejkaran lọ́kàn nígbà náà: ó fẹ́ kúrò nínú iyanrìn. Ipò olórí ìrìn-àjò afẹ́ fún gbogbo ìpínlẹ̀ ṣófo ní Jaipur, ipò tó ní ọ́fíìsì olóòrùn òdòdó, tó sì ní àga tó ń yí. Mínísítà Ratnu ni yóò yan ẹni tí yóò dé ibẹ̀. Mínísítà sì ti ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ wá ṣí ilé ìwòran tuntun tí àjọ Tejkaran ń kọ́ síbodè. Ó ní bí ohun tí òun bá rí bá tẹ́ òun lọ́rùn, níbẹ̀ gan-an, lójú gbogbo ayé, ni òun yóò ti dárúkọ ẹni tí òun yàn. Láti ìgbà náà ni Tejkaran kò ti sùn àsùngbádùn mọ́. Ìyàwó rẹ̀ ti ń di ẹrù. Ó tilẹ̀ ti fi ewúrẹ́ rẹ̀ ta aládùúgbò lọ́rẹ, nítorí ó gbọ́ pé àwọn ìyàwó ọ̀gá kì í sin ewúrẹ́ ní Jaipur.

Kí ilé ìwòran tó dé, orí òkìtì iyanrìn ni àwọn èèyàn máa ń gùn láti wo ayẹyẹ àwọn ọmọ ogun ibodè. Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n á to ràkúnmí lẹ́sẹẹsẹ, wọ́n á fọn fèrè, wọ́n á máa yan bí ẹni tí ilẹ̀ ń jó lẹ́sẹ̀, láwàní wọn á dúró ṣánṣán bí ogbe àkùkọ. Tó bá wá kan àsíá, wọ́n á rọra sọ ọ́ kalẹ̀ bí ìyá tó ń sọ ọmọ tó ti sùn kalẹ̀ lẹ́yìn. Mo ti wò ó lọ́pọ̀ ìgbà, mi ò tíì wò ó kí ara mi má bù máṣọ. Iwájú wọn lọ́hùn-ún ni èèyàn á ti máa wo wáyà ààlà, àti iyanrìn òdìkejì tó nà lọ títí tí ojú kò fi lè tó o mọ́.

Wàyí o, ààlà náà ń bọ̀ gbọọrọ láti àríwá, ṣùgbọ́n tó bá dé ọ̀dọ̀ wa, ńṣe ló ń ṣẹ́ bí ìgúnpá, tó fi jẹ́ pé gúúsù gan-an ni òdìkejì bọ́ sí. Ibí yìí ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, Yama, òrìṣà tó ń wá kó èèyàn lọ sọ́run, ló ni gúúsù. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́lé á kọ́kọ́ ránṣẹ́ pe amòye Vastu kó wá sọ ibi tí ilẹ̀kùn yóò kọjú sí, ibi tí àdògán yóò wà àti ibi tí baba ilé yóò máa jókòó sí. Kò sí amòye kan tó máa ní kí ẹni ńlá jókòó kó dojú kọ Yama. Mínísítà Ratnu sì ju gbogbo wa lọ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ó ti fi ọ́fíìsì tó tóbi jù lọ ní Jaipur sílẹ̀ rí, ó lọ jókòó sínú yàrá tí wọ́n ń kó ìwé àlòkù sí, torí pé tábìlì ti àkọ́kọ́ kọjú sí gúúsù.

Tejkaran mọ èyí. Nígbà tí wọ́n fẹ́ fi ìpìlẹ̀ ilé ìwòran lélẹ̀, ó pe Kọ̀máńdà Negi, ọ̀gá àwọn ọmọ ogun náà, kí àwọn jọ wo ilẹ̀. Ọmọ orí òkè ni Negi, kò fẹ́ràn ariwo. Ràkúnmí ló máa ń bá sọ̀rọ̀ bí ọ̀rọ̀ èèyàn bá sú u. Chagan gbé agbòòrùn lé Tejkaran lórí, oòrùn ń pa òun fúnra rẹ̀.

"Kọ̀máńdà, àríwá ni ilé yìí máa kọjú sí," ni Tejkaran wí.

"Saheb, gúúsù ni ààlà wà."

"Mo mọ̀."

"Ilé ìwo-ààlà la sì fẹ́ kọ́."

"Mo mọ ìyẹn náà."

"Tó bá kọjú sí àríwá, ẹ̀yìn àwọn tó wá wo ààlà ni ààlà máa wà."

Tejkaran rẹ́rìn-ín. Chagan ti rẹ́rìn-ín ṣáájú rẹ̀. "Kọ̀máńdà, iyanrìn ò kọlà sójú. Èyí tó wà ní gúúsù, èyí tó wà ní àríwá, ta ló fẹ́ mọ̀ wọ́n yàtọ̀? Mínísítà á wo iyanrìn, inú ẹ̀ á dùn, á dárúkọ mi... mo ní, á dárúkọ ẹni tó bá wù ú."

"Àwọn ọmọ mi ńkọ́? Iwájú yín ni wọ́n á ti máa yan. Ìyẹn ni pé ẹ̀yin lẹ máa wà láàárín àwa àti ààlà. Ẹ̀yin lẹ máa máa ṣọ́ wa, Saheb."

Tejkaran rò ó wò, ó sì dùn mọ́ ọn nínú. "Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Olórí ló yẹ kó wà níwájú ọ̀tá."

"Ẹ̀yìn lẹ máa kọ sí ọ̀tá náà, Saheb."

"Hukum," ni Chagan dá sí i, "ibi tí ẹ bá kọjú sí, ibẹ̀ gan-an ni ààlà."

Negi wo Tejkaran, ó wo Chagan, ó sì wo ọ̀run bí ẹni tó ń wá òjò. Ó kan sálúùtù, ó sì padà sọ́dọ̀ àwọn ràkúnmí rẹ̀.

Báyìí ni ilé náà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ga, alájà mẹ́ta, ó kẹ̀yìn sí ààlà bí ọmọ tó ń bínú. Gbogbo òṣìṣẹ́ tó wà níbẹ̀ ló mọ̀. Ìyá tó ń dín ata níbẹ̀ mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá sọ fún ọba pé ìyá rẹ̀ ń ṣòjòjò, òun náà ni wọn á rán lọ tọ́jú rẹ̀. Kálukú di ẹnu rẹ̀ mú.

Ó kù díẹ̀ kí Mínísítà dé, irin tí àwọn èèyàn á máa fi ọwọ́ dì mú lókè kò tíì dé. Tejkaran yí irunmú títí, irin kò dé. Ojú rẹ̀ wá lọ sí ẹ̀yìnkùlé ọ́fíìsì, níbi tí àwọn páìpù gígùn kan sùn sí láti ọdún tó kọjá. Páìpù omi abúlé Khariyala ni. Ó yẹ kí wọ́n ti rì wọ́n mọ́lẹ̀ tipẹ́. Kódà, Tejkaran ti sọ lórí rédíò pé wọ́n ti rì wọ́n, pé Khariyala ń mu omi ẹ̀rọ, torí ohun tó gba oyè Baba Omi fún un nìyẹn. Mínísítà fúnra rẹ̀ sì ti fi ọ̀rọ̀ náà yangàn níbi ìpolongo ìbò. Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ṣùgbọ́n làpálàpá ni Mínísítà máa fojú rí, ẹ̀tẹ̀ wà ní Khariyala. Wọ́n gé páìpù, wọ́n fi ṣe irin ìdìmú yí òkè ilé náà ká, wọ́n sì kùn ún ní ọ̀dà mẹ́ta bí àsíá orílẹ̀-èdè.

Ìyá àgbà kan láti Khariyala, Dhapu lorúkọ rẹ̀, gbọ́ pé wọ́n ń gbé páìpù jáde. Ó rò pé abúlé àwọn ni wọ́n ń gbé e bọ̀, ó sì fẹsẹ̀ rìn wá sí ọ́fíìsì láti wá dúpẹ́. Nígbà tó rí i pé wọn kò gbé e gba ọ̀nà tàwọn, ó dúró síwájú tábìlì Tejkaran.

"Ọmọ mi, páìpù wa dà?"

"Maaji, ìyá wa, ẹ bá mi yọ̀. Páìpù yín ti gba ìgbéga. Ó ń sin orílẹ̀-èdè báyìí."

"Àwa ńkọ́? Orílẹ̀-èdè wo ni tiwa?"

"Ẹ ṣáà ní sùúrù, Maaji."

"Mo ti ní in láti ọdún tó kọjá, ọmọ mi. Mo gbé ìkòkò sídìí ẹ̀, kò kún."

Chagan rọra fà á jáde. Tejkaran ní irú àwọn arúgbó báyìí ni kì í jẹ́ kí ìlú tẹ̀ síwájú.

Nígbà tí ilé parí, ó yẹ kí Tejkaran gòkè lọ wò ó. Ṣùgbọ́n òòyì ibi gíga máa ń kọ́ ọ, ọ̀rọ̀ tí kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Ó ní orúnkún ló ń dun òun, ó sì rán Chagan lọ. Chagan gun orí ilé dé òkè pátápátá, ó dojú kọ àríwá. Kí ló rí? Òkìtì iyanrìn tó máa ń bo Khariyala mọ́ ẹni tó bá wà nílẹ̀ kò ga tó ilé alájà mẹ́ta. Gbogbo abúlé náà tẹ́ sílẹ̀ níwájú rẹ̀ kedere: ahéré, táǹkì tó ti gbẹ, àti àwọn obìnrin tó to tẹ̀lé ara wọn pẹ̀lú ìkòkò lórí.  Chagan rántí ọmọ mẹ́rin tó ń bọ́. Ó sọ̀kalẹ̀.

"Báwo lókè?" ni Tejkaran béèrè.

"Hukum, ohun tí mo rí, ẹnu ò lè ròyìn ẹ̀."

"Ṣé iyanrìn ni ṣá?"

"Iyanrìn ni, Hukum. Iyanrìn pọ̀ níbẹ̀."

Kò sì purọ́. Iyanrìn pọ̀ níbẹ̀ lóòótọ́.

Ọjọ́ pé. Àwọn ọmọ ilé-ìwé wọ bọ́ọ̀sì dé, àwọn oníkámẹ́rà dé, òdòdó aláwọ̀ ọsàn bo ilé náà láti òkè délẹ̀. Lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n fi aṣọ bo òkúta mábù kan tí Mínísítà máa ṣí. Orúkọ Mínísítà wà lókè rẹ̀, ti orílẹ̀-èdè wà nísàlẹ̀, orúkọ Tejkaran wà láàárín, ó sì tóbi ju méjèèjì lọ. Àlàyé tó ṣe ni pé àyè ló ṣẹ́ kù níbẹ̀, òun ò sì fẹ́ kí òkúta ìjọba ṣòfò.

Ó ku ẹni tó máa fi ọ̀dà pupa sàmì sí Mínísítà níwájú orí láti kí i káàbọ̀. Bó ṣe yẹ, ìyá àgbà tí ọkọ rẹ̀ wà láyé tó sì ti bímọ ọkùnrin ló ń ṣe é. Chagan sáré wá a káàkiri, ẹni tó mú dé, Dhapu ni.

"Ta ló mú èyí wá?" ni Tejkaran fi ẹnu wúyẹ́wúyẹ́ béèrè.

"Hukum, òun nìkan ló wà nítòsí. Ọkọ ẹ̀ wà láyé, ó sì bí ọkùnrin mẹ́fà."

"Kó má sọ̀rọ̀ o."

"Kò ní sọ̀rọ̀. Mo ti fún un ní laddu aládùn kan, ó ń jẹ ẹ́ lọ́wọ́."

Mínísítà Ratnu dé pẹ̀lú eruku àti sáírìn. Ohun tó kọ́kọ́ béèrè kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kan ilẹ̀ ni ibi tí àga òun kọjú sí. "Àríwá, Mínísítà!" ni Tejkaran dáhùn, ojú Mínísítà sì tàn. Ìdajì Jaipur ti bọ́ sí Tejkaran lọ́wọ́ nìyẹn. Dhapu sàmì sí i níwájú orí, ó sì bá wọn gòkè. Tejkaran di èjìká Chagan mú, ó tẹjú mọ́ ilẹ̀ pẹpẹ láìgbé orí, gbogbo èèyàn sì rò pé ìrẹ̀lẹ̀ ni.

Ó gba gbohùngbohùn, ojú rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀. "Mínísítà wa! Oòrùn tó ń mú kí oòrùn máa tijú! Kí ẹ tó dé, iyanrìn yìí ò mọ̀ pé iyanrìn lòun. Àwọn ràkúnmí ò jẹun láti àárọ̀, wọ́n ní ìgbà tí àwọn bá rí yín làwọn máa yó! Òùngbẹ tó ń yọ wá lẹ́nu ńkọ́? Nígbà tó gbọ́ pé ẹ ń bọ̀, ó ti sá kúrò lágbègbè yìí!"

Laddu há Dhapu lọ́fun. Ó wúkọ́, ó wúkọ́, wọ́n ní kò sí omi nítòsí.

Àwọn ọmọ ogun yan. Kò sí àwàdà nínú ìyẹn. Wọ́n gbẹ́sẹ̀ sókè, iyanrìn gbọ̀n, fèrè dún, àwọn ọmọ ilé-ìwé dákẹ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bá wọn wí. Nígbà tí àsíá sọ̀kalẹ̀, Mínísítà fi aṣọ nu ojú. Negi gòkè wá kan sálúùtù fún un. Ó ku nǹkan kan ṣoṣo: kí Mínísítà fi awò awọ̀nàjíjìn tí wọ́n fi òdòdó ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ wo ààlà, lẹ́yìn náà kó dárúkọ.

Mínísítà gbé ojú lé awò, gbohùngbohùn wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ha!" ló wí. "Ẹ̀yin èèyàn mi, mò ń wo òdìkejì báyìí! Ẹ ò lè gba ohun tí mò ń rí gbọ́. Àwọn obìnrin ń ru ìkòkò! Nínú oòrùn yìí! Táǹkì wọn gbẹ, ewúrẹ́ sùn sínú ẹ̀!"

 Tejkaran gbé ojú sókè fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tó ti gòkè. Kò nílò awò. Ta ni kò mọ táǹkì Khariyala? Òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ gé tẹ́ẹ̀pù rẹ̀.

"Irú ìjọba wo nìyẹn?" Ohùn Mínísítà ń ròkè. "Irú ọ̀gá aláìnítìjú wo ló ń jẹ àjẹyó, tó ń fi òróró pa irunmú, tí àwọn ìyá ń rìn kiri torí omi?"

Ọwọ́ Tejkaran ti ń lọ sí irunmú bó ti máa ń ṣe. Ó dúró lójú ọ̀nà.

"Kí wọ́n wá wo tiwa! Kí wọ́n wá sí Khariyala, níbi tí Tejkaran wa ti fa omi dé!"

Chagan tí wọ́n fi jẹ olórí àwọn tó ń pàtẹ́wọ́ gbọ́ orúkọ ọ̀gá rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì ṣe ohun tó ti mọ́ ọn lára. Gbogbo ọmọ ilé-ìwé bá a pàtẹ́wọ́, ó ró kíkan.

Dhapu ti gbé laddu yẹn mì. "Ọmọ, jẹ́ n wò ó," ló sọ.

Àwọn oníkámẹ́rà sún mọ́ wọn. Mínísítà fi ọwọ́ gbá ìyá àgbà náà mọ́ra. "Ẹ wá, Maaji. Ẹ wá fojú ara yín rí ìyà àwọn ẹlòmíì."

Dhapu wo inú awò. "Yéè! Moomal rèé!"

"Maaji, ẹ tún jẹ laddu," ni Tejkaran wí.

"Ìyàwó ọmọ mi ni! Wò ó, ìkòkò mi ló gbé yẹn. Mo ní kó má gbé e, ó ti sán. Moomal! Gbé e kalẹ̀!"

Ẹ rántí pé ọ̀pọ̀ ìdílé níbodè ni ààlà pín sí méjì, ẹ̀gbọ́n níhìn-ín, àbúrò lọ́hùn-ún. Ohun tó wá sọ́kàn Mínísítà nìyẹn. Omijé gidi bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ wò ó! Ààlà ya ìyá kúrò lọ́dọ̀ ìyàwó ọmọ rẹ̀! Maaji, ìgbà wo lẹ rí i gbẹ̀yìn?"

"Láàárọ̀ yìí."

 Gbohùngbohùn ṣì wà láàárín wọn.

"Láàárọ̀ yìí? Báwo lẹ ṣe sọdá?"

"Sọdá kí ni? Ẹsẹ̀ mi ni mo fi rìn wá. Khariyala nìyẹn, ọmọ mi. Ilé wa ni èyí tí wọ́n sá aṣọ pupa sórí ẹ̀ yẹn." Ó fi ọwọ́ pa irin ìdìmú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Páìpù wa náà rèé. Wọ́n kùn ún dáadáa."

Mínísítà yọ ojú kúrò nínú awò díẹ̀díẹ̀. "Kọ̀máńdà. Níbo ni ààlà wà?"

Negi kan sálúùtù. Ó na ọwọ́ gbọọrọ, ọwọ́ náà gba ẹ̀gbẹ́ etí Mínísítà kọjá lọ sẹ́yìn. "Ẹ̀yìn yín ni, Saheb. Láti ìgbà tí ẹ ti jókòó."

Ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé laṣeni ń gbé. Gbogbo wa la mọ òwe náà, ṣùgbọ́n kò wọ́pọ̀ kí ìjọba kọ́ ilé alájà mẹ́ta láti fi hàn wá.

"Tejkaran," ni Mínísítà wí lábẹ́lẹ̀, ó gbàgbé pé gbohùngbohùn ń gbọ́, "kí ni mo wò yẹn?"

"Iyanrìn ni, Mínísítà."

"Tejkaran!"

"Gúúsù ni ààlà wà, Mínísítà! Yama ló ni ibẹ̀! Mi ò lè jẹ́ kí ẹ dojú kọ ikú!"

 Mínísítà bojú wẹ̀yìn díẹ̀ sí gúúsù, ó sì tún yára kọjú síbi tó wà tẹ́lẹ̀. "O ṣeun fún ìyẹn," ló wí jẹ́jẹ́. Ó yẹ ká sọ òtítọ́: ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Ṣùgbọ́n kámẹ́rà ń wò, àwọn tó wà nísàlẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹnu rẹ̀ ló sì fi bú ìlú ara rẹ̀. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ gbé ẹrù yẹn, kò sì ní jẹ́ òun.

Ó gbé gbohùngbohùn sókè. "Mo ṣèlérí pé màá dárúkọ ẹnìkan lónìí. Mo dárúkọ Tejkaran Bohra!"

Ẹ wo bí ayé ṣe rí. Pẹ̀lú gbogbo rẹ̀, nígbà tí Tejkaran gbọ́ orúkọ ara rẹ̀, ó tún aṣọ èjìká rẹ̀ ṣe. Chagan tilẹ̀ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan.

"Kó lọ sí Khariyala lónìí, kó máa gbé ibẹ̀, kó máa mu omi tí wọ́n ń mu, títí omi ẹ̀rọ á fi yọ níbẹ̀. Ọjọ́ tó bá yọ ni kó wá béèrè ohun tó kàn lọ́wọ́ mi."

Bí Tejkaran ṣe sọ̀kalẹ̀ nínú ilé ìwòran nìyẹn, Dhapu ń fi ọ̀nà hàn án níwájú. Òòyì kò kọ́ ọ rárá. Ohun tó ń kọ́ ọ ju òòyì lọ.

Àgbàlá Dhapu ni wọ́n fi í wọ̀ sí. Ọ̀sẹ̀ kìíní, ó ń retí pé wọn yóò gbé omi ìwẹ̀ rẹ̀ wá. Moomal fún un ní ìkòkò, ó sì fi ojú ọ̀nà hàn án. Kó tó lè ru ìkòkò náà délé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láìdà á nù, irunmú rẹ̀ ti sọ̀ sílẹ̀ pátápátá, torí kò sí òróró, kò sì sí ẹni tó ń wò ó. Ìyàwó rẹ̀ lọ gba ewúrẹ́ padà lọ́wọ́ aládùúgbò. Chagan di akọ̀wé ọ̀gá tuntun. Wọ́n ní ìyàwó rẹ̀ ti tún sunkún.

Ẹ sì gbọ́ èyí tó yà mí lẹ́nu. Tejkaran ṣe iṣẹ́ náà. Ó lọ dúró ti àwọn tó ń tú páìpù lórí ilé ìwòran, ó bá wọn gbé e, ó bú àwọn tó ń lọ́ra, ó sì gbẹ́ ilẹ̀ lọ́jọ́ tí wọn kò wá. Òùngbẹ ló kọ́ ọ, kì í ṣe ẹ̀mí rere. Nígbà tí omi yọ lẹ́nu ẹ̀rọ ní Khariyala, kò sí òdòdó, kò sí sáírìn. Àwọn obìnrin kàn to ìkòkò ni. Ó ránṣẹ́ sí Mínísítà pé omi ti yọ. Mínísítà kò fèsì, kò sì sí ẹni tó dárúkọ Jaipur mọ́.

Kò sí ẹni tó fẹ́ òkúta mábù náà mọ́, torí Mínísítà kò fẹ́ kí wọ́n rí orúkọ òun pẹ̀lú ti Tejkaran. Negi ló ní kí wọ́n fi ràkúnmí gbé e lọ sí Khariyala, kí iyanrìn má bàa máa di ẹrẹ̀ lábẹ́ ẹ̀rọ omi. Ibẹ̀ ni wọ́n tẹ́ ẹ sí, ojú rẹ̀ sókè. Ilé ìwòran ṣì kọjú sí àríwá títí di òní. Àwọn arìnrìn-àjò á gòkè, wọ́n á di okùn tí wọ́n fi rọ́pò irin mú, wọ́n á gbé ojú lé awò, wọ́n á sì wo Tejkaran. Gbogbo ayé ń wò ó báyìí, gẹ́gẹ́ bó ṣe fẹ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó bá Dhapu nídìí ẹ̀rọ, níbi tí ìyá náà ti ń fọ yẹ̀rì ńlá kan. Á gbé e sókè, á sì fi lu òkúta náà pàá, àárín gan-an ló ń bá.

"Maaji, ẹ rọra," ni Tejkaran wí. "Orúkọ mi nìyẹn."

Dhapu wo abẹ́ ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni tí kò kíyè sí i tẹ́lẹ̀. "Áà, òun ni. Òkúta gidi ni, ọmọ mi. Ó ń mú ìdọ̀tí jáde ju ti tẹ́lẹ̀ lọ." Ó sì tún lù ú.

Lókè ilé ìwòran lọ́hùn-ún, ẹnìkan ń juwọ́. Tejkaran gbé ọwọ́ sókè láti yí irunmú rẹ̀, ṣùgbọ́n Dhapu ti na etí aṣọ kejì sí i. Ó gbà á, ó dì í mú, wọ́n sì jọ fún omi rẹ̀ jáde.